Omi ilé iṣẹ́ irin: bẹ́ ẹ ṣe lè tún un lò dípò kẹ́ ẹ dà á sí gọ́tà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yọ́ àlòkù irin tẹ́ ẹ fi ń ṣe rọ́ọ̀dù, ì báà jẹ́ Ìkòròdú ni o tàbí Ọ̀tà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an, torí abẹ́ ilẹ̀ tí bọ́ọ̀hóòlù yín ti ń fa omi tọ̀sán tòru, ibẹ̀ náà làwọn ará àdúgbò ti ń fa tiwọn, gọ́tà tẹ́ ẹ sì ń da èyí tó dọ̀tí sí, iwájú ilé ẹlòmíì ló ń gbà kọjá. Worldsteel, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onílé iṣẹ́ irin lágbàáyé, ṣírò ẹ̀ pé ilé iṣẹ́ tó ń fi iná mànàmáná yọ́ irin máa ń gba omi bíi kúbíìkì mítà 28 lórí tọ́ọ̀nù irin kan, bíi 26 ló sì tún ń jáde padà. Ṣẹ́ ẹ rí i, èyí tó bá afẹ́fẹ́ lọ ò tó nǹkan. Gbogbo èyí tó kù ṣì wà ńbẹ̀, ó kàn gbóná, ó sì dọ̀tí ni.

Ohun tó máa ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ ni kéèyàn da omi gbogbo pọ̀ sójú kan. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ rìn yí mill ká, kẹ́ ẹ mọ ibi tí omi kọ̀ọ̀kan ti ń jáde. Omi tó ń tu kọ́ìlì iléru lára (ìyẹn páìpù tí wọ́n ká yí iléru ká, tí iná mànàmáná tó ń yọ́ irin ń gbà kọjá), inú páìpù tiẹ̀ ni kó ti máa yí po, kó má fara kan ìkankan nínú àwọn yòókù, torí tí ìdọ̀tí bá ba kọ́ìlì yẹn jẹ́ tó fi jò, tí omi wá kó sábẹ́ irin tó ti yọ́, ńṣe ló máa bú gbàmù, ó sì lè gba ẹ̀mí èèyàn. Omi tí wọ́n ń wọ́n sí rólà, ìyẹn irin roboto tó ń tẹ irin gbígbóná di rọ́ọ̀dù, èépá irin àti gíréèsì ló wà nínú ẹ̀. Omi àsíìdì tún nìyẹn, fáwọn tó máa ń fọ irin kí wọ́n tó fi síńkì bò ó. Páìpù oníkálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Omi rólà yẹn ló dọ̀tí tó sì pọ̀, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ bu díẹ̀ sínú ike tó mọ́ gaara, kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Òróró á léfòó sókè, èépá dúdú á wà nísàlẹ̀. Ẹ fi òòfà kan ìdí ike yẹn kẹ́ ẹ máa fà á kiri, èépá yẹn á máa tẹ̀ lé e. Tí omi àárín bá mọ́ díẹ̀, kòtò ìsilẹ̀ lásán, ìyẹn kòtò tí ìdọ̀tí omi ti ń silẹ̀ fúnra ẹ̀, máa ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ fún yín. Tó bá ṣì dúdú, ẹ máa nílò álọ́ọ̀mù tó ń mú kí ìdọ̀tí ṣù pọ̀ kó lè silẹ̀, àmọ́ inú ike yẹn ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ dán an wò kẹ́ ẹ lè mọ ìwọ̀n tó máa tó.

Kòtò yẹn gbọ́dọ̀ gùn kó sì fẹ̀, kí omi lè máa rọra lọ, torí omi tó bá ń sáré á gbé èépá lọ ni. Ẹ fi páànù dábùú ojú omi kí òróró má bàa kọjá, kẹ́ ẹ wá ní bẹ́líìtì tó ń yí tó ń gbá a kúrò. Ṣùgbọ́n ibi tí gíréèsì ti ń jò lára ẹ̀rọ, ẹ dí i ná o. Èépá tí òróró ò pọ̀ lára ẹ̀, owó ni, àwọn onísìmẹ́ńtì máa ń lò ó.

Látibẹ̀, omi á gba fíltà oníyanrìn kọjá, torí èépá kéékèèké ló máa ń dí ẹnu ibi tí omi ti ń tú sí rólà, rólà á wá gbóná jù á sì sán. Gíọ́ọ̀jì tó ń wọn agbára omi máa ń wà níbi tí omi ń gbà wọnú fíltà àti níbi tó ń gbà jáde; tí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì bá ti tó bíi 0.7 sí 1 bar, ẹ fọ fíltà náà, kẹ́ ẹ sì da omi tẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́ padà sínú kòtò.

Ó wá ku cooling tower, ìyẹn ilé gogoro tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí omi gbígbóná kó lè tutù, ibẹ̀ lowó wà. Bí omi ṣe ń fẹ́ lọ, iyọ̀ ń pọ̀ nínú èyí tó kù, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń dà lára ẹ̀ nù. Ẹ fi mítà TDS, èyí tó ń sọ bí iyọ̀ inú omi ṣe pọ̀ tó, wọn omi tower àti omi bọ́ọ̀hóòlù, kẹ́ ẹ wá wo ìlọ́po mélòó ti bọ́ọ̀hóòlù ni ti tower jẹ́. Ká ní kúbíìkì mítà 200 ló ń yí po ní wákàtí kan, tó ń tutù pẹ̀lú dígírì 10, bíi 3.5 ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Tí iyọ̀ tower bá jẹ́ ìlọ́po 2, ẹ máa fi bíi 7 kún un ní wákàtí kan. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó dé ìlọ́po 4, kò ní ju bíi 4.7 lọ. Láàárín wákàtí 24, omi tí ìyàtọ̀ yẹn á bá yín dín kù ju táńkà oní líta 10,000 márùn-ún lọ! Àmọ́ tí omi yín bá máa ń fi nǹkan funfun sára páìpù, ẹ fi oògùn tó ń dènà ẹ̀ sí i kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí iyọ̀ náà lọ sókè. Ẹ má sì fi kiloríìnì tó ń pa kòkòrò inú omi ṣeré, torí kòkòrò Legionella, tó máa ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, fẹ́ràn omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ báyìí, afẹ́fẹ́ tower ló sì máa ń bá dé imú òṣìṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ máa wọ́n omi ìdànù yẹn sórí eruku ní yáàdì, kí kiloríìnì ti ṣiṣẹ́ lára ẹ̀ ná.

Omi àsíìdì, láìmù (ti ìyẹ̀fun funfun o, kì í ṣe ti èso) ni kẹ́ ẹ fi pa á títí pH, ìyẹn ìwọ̀n tó ń sọ bí àsíìdì ṣe pọ̀ tó, á fi dé bíi 8.5 sí 9, kẹ́ ẹ máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kí irin inú ẹ̀ lè silẹ̀. Kódà lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ omi tower, iyọ̀ kiloráìdì inú ẹ̀ á jẹ páìpù. NESREA, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó òfin àyíká, ti ní òfin fún iléeṣẹ́ irin láti ọdún 2011, ẹ wo ìwọ̀n tó wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó da ẹyọ kan síta.

Tówó ò bá tíì tó gbogbo èyí, ẹ ra mítà omi méjì, kí ọ̀kan wà lẹ́nu bọ́ọ̀hóòlù, kí èkejì wà níbi tí omi ti ń jáde, kẹ́ ẹ máa kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀ ní gbogbo shift. Tí tàkọ́kọ́ bá ṣàdédé lọ sókè tí iṣẹ́ ò sì pọ̀ sí i, ẹ wá a lọ kíá, páìpù kan ti ń jò nìyẹn, tàbí kẹ́nì kan ti ṣí fáàfù sílẹ̀.