Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Ẹni Tó Ń Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Ṣe Ohun Èlò Àpótí Ẹja

Ohun èlò àpótí ẹja tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tò pọ̀ kì í sábà dójú tì í lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ tan án. Omi á máa yí, afẹ́fẹ́ á máa hó, ẹja á máa lúwẹ̀ẹ́, onílé á sì máa pe ará ilé wá wòran. Wàhálà ń bẹ lọ́jọ́ tí iná bá lọ, tí ewé kan bá dí ẹnu páìpù, tàbí tí gọ́ọ̀mù tó lẹ nǹkan pọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú oró sínú omi. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó bàjẹ́, ẹni tó ṣe é mọ bí yóò ṣe ṣiṣẹ́ dáadáa. Ohun tí yóò ṣe bó bá dáwọ́ dúró lójijì ni kò rò dé.

Nígbà tí omi bá yíjú padà

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé òun ló máa ń bomi rin ilé. Èèyàn á gbé garawa tàbí àpótí kékeré sí abẹ́ àpótí ẹja, kó fi ṣe asẹ́: omi ń ti òkè sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, pọ́ǹpù ń dá a padà sókè. Nítorí ariwo, á ki ẹnu páìpù tó ń dá omi padà bọ abẹ́ omi jìnnà. Bí iná bá lọ, pọ́ǹpù á dúró, ṣùgbọ́n omi tó kún inú páìpù kò ní dúró. Á yíjú padà, á máa fa omi òkè wálẹ̀, kò sì ní já títí ẹnu páìpù yóò fi yọ sí afẹ́fẹ́.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Àpótí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 100, tó fẹ̀ ní 40: bí omi rẹ̀ bá fi sẹ̀ǹtímítà 10 péré lọ sílẹ̀, lítà 40 ló sọ̀ kalẹ̀ yẹn. Bí garawa ìsàlẹ̀ kò bá ní àyè lítà 40 tó ṣófo, ilẹ̀ yàrá ni ìyókù ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí ẹnu páìpù náà wà nítòsí ojú omi, tàbí kí ẹ lu ihò kékeré sí i lára, díẹ̀ sísàlẹ̀ ojú omi, kó lè fa afẹ́fẹ́ wọlé bí omi bá ń lọ sílẹ̀. Ihò yìí máa ń dí, ẹ máa tú u. Àwọn kan á ní fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà ti tó. Kò tó. Ìgbín kékeré kan tó há sí i lẹ́nu ti tó láti mú kó la ẹnu sílẹ̀. Ẹ lè fi sí i, ṣùgbọ́n ẹ má gbé gbogbo ara lé e.

Òdìkejì rẹ̀ tún wà. Ẹni tí kò fẹ́ lu gíláàsì á tẹ páìpù bí ìkọ́, á fi kọ́ etí àpótí kí omi máa gba ibẹ̀ jáde. Bí afẹ́fẹ́ bá kó sí inú ìkọ́ náà, omi ò ní sọ̀ mọ́, pọ́ǹpù ìsàlẹ̀ kò sì mọ̀. Á máa ti omi sókè títí àpótí yóò fi kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ààbò tó dájú níbẹ̀ ni pé kí omi tí pọ́ǹpù lè rí fà nísàlẹ̀ má ju èyí tí àyè òkè lè gbà lọ.

Nítorí náà, kí ẹja kankan tó wọ inú rẹ̀, ẹ yọ wáyà pọ́ǹpù, kí ẹ dúró ti omi títí yóò fi dákẹ́. Ẹ tan án padà. Ẹ wá fi nǹkan dí ọ̀nà tí omi ń gbà sọ̀, kí ẹ wo ibi tí yóò kún dé. Ìdánwò yìí kò náni ní nǹkan kan, síbẹ̀ ó ṣọ̀wọ́n kí èèyàn tó ṣe é, torí pé ó dà bí ẹni tó ń wá ìjàngbọ̀n fún ara rẹ̀.

Ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi náà ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bó bá wà nísàlẹ̀ ju ojú omi lọ, tí iná lọ, omi lè gba inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ padà wọ inú ẹ̀rọ. Ẹ gbé e ga ju ojú omi lọ, tàbí kí ẹ fi fáàfù sí ọ̀pá náà.

Gíláàsì àti sílíkónì

Ẹni tó ń kan àpótí fúnra rẹ̀ sábà máa ń ronú iye lítà tó fẹ́, kó wá ra gíláàsì tí owó rẹ̀ ká. Bí omi ṣe ga tó ló ń ti gíláàsì. Ìsàlẹ̀ omi tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 50 ń ti gíláàsì bákan náà, ì báà jẹ́ nínú àpótí tóóró, ì báà jẹ́ nínú èyí tó fẹ̀ bí yàrá. Bí ojú gíláàsì bá sì ṣe gùn tó ni yóò ṣe máa tẹ̀ síta tó láàárín. Gíga àti gígùn ni kí ẹ fi yan bí yóò ṣe nípọn tó, kí ẹ sì wo àtẹ tí àwọn tó ń kan àpótí fi ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ohun tí à ń fojú wọ̀n. Gíláàsì fèrèsé àtijọ́ tó ti ha, ibi tó ha yẹn ló ti máa sán. Èyí tí wọ́n fi iná mú le kò ṣeé lu ihò rárá: wẹ́wẹ́ ni yóò fọ́.

Sílíkónì, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì pọ̀, ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú jù. Èyí tí wọ́n ṣe fún balùwẹ̀ àti ilé ìdáná sábà máa ń ní oògùn tí kì í jẹ́ kó bu, oògùn yẹn ló sì ń tú sínú omi tó ń pa ẹja. Bí ẹ bá kà á lára rẹ̀ pé ó ń dènà bíbu, ẹ dá a padà síbi tẹ́ ẹ ti mú un. Sílíkónì pọ́ńbélé tí wọn kò fi nǹkan kan lù ni ẹ ń wá. Irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ máa ń rùn bí fínígà bó bá ń gbẹ, àwọn kan sì gbà pé òórùn yìí ni ẹ̀rí pé kò léwu. Irọ́ ni. Èyí tó ní oògùn nínú náà lè rùn bẹ́ẹ̀. Ohun tí òórùn náà ń sọ ni pé kò tíì gbẹ.

Ìkánjú tún wà níbẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ojú rẹ̀ á gbẹ, inú rẹ̀ á ṣì tutù. Ẹ fún ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ní wákàtí 24 sí 48, kí ẹ fún èyí tó nípọn ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má gbé e síwájú iná kó lè yá, torí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú un dì.

Tuntun kì í sì í lẹ̀ mọ́ èyí tó ti gbẹ. Ẹni tí àpótí rẹ̀ ń jò, tó kàn fi sílíkónì tuntun bo àtijọ́ lójú, á tún rí omi nílẹ̀ láìpẹ́. Ẹ fi abẹ há àtijọ́ kúrò pátápátá, kí ẹ fi ásítóònù, omi tó ń yọ́ ọ̀rá kúrò, nu gíláàsì, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́. Bó bá jẹ́ akiríílìkì, ike tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, ni, ìlànà yìí kò bá a mu: sílíkónì kì í dì í mú dáadáa, ásítóònù á sì ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ó ní gọ́ọ̀mù tirẹ̀, èyí tó ń yọ́ ojú méjèèjì wọ inú ara wọn.

Lítà omi kan wúwo ní kìló kan. Àpótí lítà 200 jẹ́ igba kìló kí a tó ka gíláàsì àti òkúta mọ́ ọn, torí náà tábìlì lásán kò lè gbé e. Ìdúró tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan máa ń fọ́ gíláàsì láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ lù ú. Ìta ni kí ẹ ti kọ́kọ́ rọ omi kún àpótí tuntun, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Iná

Wọ́n ní omi kò lọ́tàá, àmọ́ ẹ má fi iná ẹ̀lẹ́tíríìkì dán ọ̀rọ̀ náà wò. Ohun kan wà tí mo rò pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe: ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná. Kò sí owó tí yóò yọ nínú rẹ̀ tó tó ewu rẹ̀, ẹ ra ti ilé iṣẹ́.

Fífi sílíkónì bo ibi tí wáyà ti so pọ̀ kò sọ ọ́ di ohun tó lè gbé abẹ́ omi. Bí ẹ bá fẹ́ fi LED tan ìmọ́lẹ̀ sí àpótí, ẹ lo ti fóòtì 12, kí ẹ̀rọ tó ń sọ iná di 12 wà níta níbi gbígbẹ. Wákàtí 6 sí 8 lóòjọ́ ti tó. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, gíláàsì yóò kún fún ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé. Ẹ jẹ́ kí wáyà kọ̀ọ̀kan tẹ̀ sísàlẹ̀ ju sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ kó tó gòkè wọ inú rẹ̀, kí omi tó ń rìn lára wáyà lè kán sílẹ̀ níbi tó tẹ̀ yẹn. Ẹ sì fi bíréékà tó ń já fúnra rẹ̀ sí ojú iná náà, irú èyí tó ń gé e bí mílíáǹpù 30 bá ń jò. Kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ omi, ẹ yọ gbogbo rẹ̀.

Oró tí kò yára pani

Bàbà ló burú jù. Ìwọ̀n tí ẹja lè fara dà lè pa edé àti ìgbín tán. Bàbà àti síńkì ni wọ́n pò di idẹ, nítorí náà ẹnu páìpù onídẹ kò yẹ níbẹ̀, irin tí wọ́n fi síńkì bò kò sì sàn. Ike ni kí ohun tó bá máa kan omi jẹ́. Garawa tó ti gba ọṣẹ tàbí oògùn kòkòrò rí, ẹ fi í sílẹ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀. Bí òkúta bá hó nígbà tẹ́ ẹ kán fínígà sí i, yóò máa mú omi le, yóò sì máa gbé pH rẹ̀ (òǹkà tó ń lọ sókè bí kíkan omi bá ṣe ń dín kù) sókè; àwọn ẹja kan fẹ́ bẹ́ẹ̀, èyí tó pọ̀ kò fẹ́.

Àwọn tó ń gbin ewéko máa ń fi ṣúgà àti yíìsì ṣe CO2, afẹ́fẹ́ tí ewéko ń lò, nínú ìgò. Ẹ má lo ìgò gíláàsì: bí ọ̀pá bá dí, yóò bẹ́. Ìgò ike tí wọ́n fi ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n ṣe láti gba irú agbára bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Yíìsì kò sì mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Lóru, ewéko kì í lo CO2, àwọn náà ń bá ẹja du ọ́síjìn ni, ẹ sì lè jí bá ẹja lójú omi tí wọ́n ń mí gúlegúle. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ máa ṣiṣẹ́ lóru.

Ó ku asẹ́. Fóòmù inú asẹ́ kì í kàn án mú ìdọ̀tí nìkan, ibẹ̀ ni àwọn bakitéríà tó ń sọ amóníà, oró inú ìgbẹ́ ẹja, di nítíráìtì, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di náítíréètì tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, fi ṣe ilé. Ẹni tó gé kànrìnkàn ìfọwo tó ń pa kòkòrò sínú asẹ́ ti lé wọn kúrò kí wọ́n tó dé. Ẹni tó fi omi ẹ̀rọ tó ní kiloríìnì fọ̀ ọ́ ti pa wọ́n. Omi àpótí fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fi ṣan án. Wọ́n máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó, torí náà àpótí tuntun kò lè gba ẹja púpọ̀ lọ́jọ́ kan.

Bí ẹ bá sì ṣe asẹ́ tó dé pa, ẹ rántí pé ọ́síjìn ni àwọn bakitéríà yìí fi ń wà láàyè. Bí iná bá lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ọ́síjìn inú rẹ̀ á tán, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, omi ibẹ̀ á sì bàjẹ́. Bí iná bá dé, ẹ má tan án lójú ẹsẹ̀. Ẹ tú u, ẹ da omi inú rẹ̀ nù, ẹ fi omi àpótí ṣan fóòmù, kí ẹ tó dá a padà.