Bí mo ṣe gbé tẹlifóònù ilé wa sórí NAS

Ó tó ọdún mẹ́ta tí NAS ilé wa, àpótí tí a ń kó fáìlì pamọ́ sí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ti ń ṣe iṣẹ́ fáìlì nìkan. Fọ́tò, fídíò àti ìwé iṣẹ́ là ń kó sínú rẹ̀, kì í sì í kú tọ̀sán tòru. Mo wá rò ó pé àpótí tí kì í sùn yìí ló yẹ kó máa bójú tó tẹlifóònù. Fóònù orí tábìlì mẹ́ta tó ń lo okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti wà nílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni kí yàrá òkè lè pe ìsàlẹ̀, kí nọ́ńbà ilé sì máa dún lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Asterisk, sọ́fítíwia tó ń so ìpè tẹlifóònù pọ̀, ni mo mú. Mark Spencer ló kọ ọ́ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1999, nígbà tí owó ẹ̀rọ tẹlifóònù tí iléeṣẹ́ kékeré rẹ̀ nílò ga ju agbára rẹ̀ lọ. Ọ̀fẹ́ ni. RAM 2GB péré ni NAS mi ní, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹrù gun òun lẹ́yìn. Ohun tó lè wọ̀ ọ́ lọ́rùn ni kí fóònù méjì máa lo codec (ọ̀nà tí a ń gbà sọ ohùn di dátà) ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí Asterisk máa ṣe ògbufọ̀ láàárín wọn. Mo fi gbogbo wọn sórí codec kan náà, G.711, ìyẹn sì tán.

Mo ṣí Docker, ohun tó ń jẹ́ kí sọ́fítíwia máa ṣiṣẹ́ nínú àpò tirẹ̀ tí à ń pè ní container, mo fa image Asterisk (ẹ̀dà rẹ̀ tí a ti dì sílẹ̀) wọlé, mo ya fódà sọ́tọ̀ lórí dísìkì: ọ̀kan fún /etc/asterisk (ibi tí ètò rẹ̀ wà), ọ̀kan fún voicemail, ọ̀kan fún log, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ má fo èyí o. Bí ẹ bá fi ètò yín sílẹ̀ sínú container, ọjọ́ tí ẹ bá pa á rẹ́ láti gbé tuntun wọlé ni iṣẹ́ yín bá a lọ.

Odindi alẹ́ kan ṣòfò mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí àlàyé àtijọ́ tí mo ń tẹ̀ lé. sip.conf ni wọ́n ní kí n kọ, fáìlì ètò fún SIP, èdè tí fóònù fi ń ké síra wọn. Mo kọ ọ́, mo tún un kọ, Asterisk kò yà síbẹ̀ rárá. Láti Asterisk 21, tó jáde lọ́dún 2023, ni wọ́n ti yọ chan_sip tó ń ka fáìlì yẹn kúrò. pjsip.conf ló kù. Fóònù kọ̀ọ̀kan ní apá mẹ́ta níbẹ̀: endpoint ni fóònù fúnra rẹ̀, auth ni orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, aor ni ibi tí a ti lè rí i. Mo fún wọn ní 101, 102 àti 103, mo sì fi 600 sínú extensions.conf, fáìlì tó ń sọ ohun tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan máa ṣe, láti fi dán ohùn wò:

exten => 600,1,Answer()
same => n,Playback(demo-echotest)
same => n,Echo()

Mo tẹ 600. Ohùn obìnrin kan dún ketekete, ó ní kí n sọ̀rọ̀, ohun tí mo bá sọ yóò padà wá bá mi. Mo ní, "Ẹ ǹlẹ́ o." Kẹ́kẹ́ pa. Mo tún un sọ, mo pariwo, ibẹ̀ dákẹ́ lọ́lọ́.

Ọjọ́ méjì ni mo fi wá ìdí rẹ̀. Mo pààrọ̀ okùn, mo pààrọ̀ fóònù. Nígbẹ̀yìn mo wọ inú Asterisk pẹ̀lú asterisk -rvvv, mo tẹ pjsip set logger on, mo tún pe 600. Láàárín ọ̀rọ̀ tí òun àti fóònù ń bára wọn sọ ni mo ti rí ìlà yìí:

c=IN IP4 172.17.0.2

192.168.1 ni àdírẹ́sì gbogbo ohun tó wà nílé wa fi ń bẹ̀rẹ̀. 172.17.0.2 yìí, Docker ló fún Asterisk nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìkọ̀kọ̀ tirẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yé mi. Ọ̀nà tí ìkésíni SIP ń gbà yàtọ̀ sí ọ̀nà tí ohùn ń gbà. Ìkésíni ń gba port (ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) 5060. Ohùn ń bá RTP, ètò tó ń gbé ohùn, lọ lórí port mìíràn, inú ìkésíni yẹn la sì ń kọ ibi tí ohùn máa lọ sí. Asterisk mọ ilé fóònù mi, ìdí nìyẹn tí ohùn obìnrin yẹn fi dé etí mi. Fóònù mi ní tirẹ̀ ń kó ohùn mi lọ sí ilé tí kò mọ̀nà rẹ̀, àádọ́ta ẹrù kéékèèké ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo rẹ̀ sì ń ṣègbé.

Mo gbé container kúrò lórí bridge, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìkọ̀kọ̀ Docker yẹn, mo fi í sórí host, kí Asterisk máa lo àdírẹ́sì NAS gan-an. Mo tẹ 600. "Ẹ ǹlẹ́ o." Ohùn ara mi padà wá bá mi! Mo pe àbúrò mi sọ̀kalẹ̀ kó wá gbọ́. Mo tún dín port ohùn kù nínú rtp.conf, láti 10000 dé 10100. Ọgọ́rùn-ún port ti pọ̀ ju ohun tí fóònù mẹ́ta ń wá lọ.

Nígbà tí mo so nọ́ńbà ìta mọ́ ọn, àìsàn náà tún yọjú, n kò gbọ́ ẹni tó pè. Lọ́tẹ̀ yìí mo ti mọ̀ ọ́n lójú. Mo kọ àdírẹ́sì ìta wa sí external_media_address àti external_signaling_address, mo kọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé sí local_net, mo sì pa SIP ALG lórí router. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ̀yìn yìí ṣe pàtàkì gan-an, torí ńṣe ni SIP ALG ń tún àdírẹ́sì inú ìkésíni kọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

Ohun kan wà tí mo ṣe tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe. Mo ṣí port 5060 sí gbogbo ayé lálẹ́ ọjọ́ kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, log ti kún fún àwọn àjèjì tí wọ́n ń gbìyànjú 100, 101, 1000, wọ́n ń fi pásíwọ́ọ̀dù kan tẹ̀ lé òmíràn. Bí ọ̀kan bá wọlé, á máa pe nọ́ńbà olówó gọbọi títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹ̀yin lẹ máa san án. Ẹ sì rántí pé inú àpótí yìí kan náà ni fọ́tò ẹbí wà. Mo tì í pa lójú ẹsẹ̀. Kò sídìí láti ṣí i, torí Asterisk fúnra rẹ̀ ló ń lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nọ́ńbà, ọ̀nà tó bá jáde náà ni ìpè ń gbà wọlé. Bí mo bá wà níta, WireGuard, VPN tó ń mú mi wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé láti ìta, ni mo fi ń wọlé kí n tó lo 103.

Ohùn ṣì máa ń já nígbà tí NAS bá ń ṣe ẹ̀dà fáìlì, torí náà mo sún iṣẹ́ yẹn sí aago mẹ́ta òru. Voicemail kò gba àyè, WAV ìṣẹ́jú kan kò ju 1MB lọ. Èyí tí ìyá wa fi sílẹ̀ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣì wà níbẹ̀, ó ń bá fọ́tò wọn lọ sínú ẹ̀dà lóròòru.