Àtidúró ló ṣáájú eré: àṣìṣe táwọn olùbẹ̀rẹ̀ ń ṣe lórí longboard

Lọ́sàn-án Sátidé kan ní Burgess Park, tí kò jìnnà sí Peckham tí mò ń gbé nílùú Lọ́ńdọ̀nù, àbúrò mi ọkùnrin gun longboard tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, pátákó gígùn onítáyà mẹ́rin tí wọ́n ń dúró lé gùn, kọjá níwájú mi. Eékún rẹ̀ tẹ̀ dáadáa, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ku díẹ̀ kó dé ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́ ló wá pariwo pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, báwo ni wọ́n ṣe ń dá a dúró?" Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi wo fídíò kó tó rà á. Ó mọ orúkọ àrà bíi mẹ́wàá. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Koríko ló gbà á lọ́jọ́ náà, ọpẹ́lọpẹ́ koríko.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gùn ún, mo sì ti di ọwọ́ ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ mú. Bí àṣìṣe wọn ṣe pọ̀ tó, ibì kan náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ń wá: ẹ̀rù máa ń fa ara sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ iwájú ni pátákó yìí fẹ́ kí a wà. Àwọn àgbà ní iwájú iwájú lọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ, torí ó máa bá wa dé ibi gbogbo.

Ẹ má fi ẹsẹ̀ iwájú ta ilẹ̀

Kí ẹ tó gùn ún rárá, ẹ mọ ẹsẹ̀ tó yẹ kó ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan rọra tì yín láti ẹ̀yìn láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ẹ bá sáré nà síwájú kí ẹ má baà ṣubú ló sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ iwájú yín. Àyẹ̀wò yìí kì í ṣe òfin. Bí òdìkejì bá bá yín lára mu jù, òdìkejì ni kí ẹ lò.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró sórí pátákó, tí wọ́n á wá máa fi ẹsẹ̀ iwájú ta ilẹ̀. Mongo ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń rọrùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìdí nìyẹn tó fi ń di bárakú. Nígbà tí gbogbo ara bá wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, imú pátákó á fúyẹ́, kò ní gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Bí ẹ bá sì ta ilẹ̀ tán, ẹ tún gbọ́dọ̀ yí ẹsẹ̀ méjèèjì padà lórí eré kí ẹ tó lè dúró bó ṣe yẹ. Ẹ fi ẹsẹ̀ iwájú sẹ́yìn àwọn bóòtù tó di irin táyà iwájú mọ́ pátákó díẹ̀, kí ìka rẹ̀ kọjú síbi tí ẹ ń lọ, kí eékún tẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni kó máa ta ilẹ̀. Bí ẹ bá ti ń fi mongo gùn ún láti oṣù kan, ẹ fi í sílẹ̀ lónìí. Bó bá pé ọdún kan, á le ju báyìí lọ.

Bàtà yín ni bíréèkì

Longboard kò ní bíréèkì. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ẹ máa gbé sílẹ̀, tí ẹ máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ra ọ̀dà ojú ọ̀nà títí pátákó á fi dúró. Ó dún bí ohun tó rọrùn. Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ni pé wọ́n máa ń pín ara sí méjì, ìdajì lórí pátákó, ìdajì lórí ẹsẹ̀ tó ń bọ̀ nílẹ̀. Bí bàtà bá ṣe kan ilẹ̀ báyìí, ilẹ̀ á gbà á mú, á fà á sẹ́yìn, pátákó á sì bá tirẹ̀ lọ. Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ kọ́kọ́ gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ iwájú, débi pé ẹ lè fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo gùn ún lọ fún ìwọ̀n mítà mẹ́wàá láìṣe nǹkan míì. Ìgbà tí ẹ bá lè ṣe ìyẹn ni kí ẹ tó rọra gbé àtẹ́lẹsẹ̀ kejì sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ má ṣe fi gìgísẹ̀ nìkan, ẹ má ṣe fi ìka nìkan. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ máa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, kí ẹ wá máa tẹ̀ ẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀.

Mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sójú ọ̀nà. Ẹni tí kò bá tíì lè dúró kó tó kọjá ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá léraléra, mi ò ní jẹ́ kó bá mi lọ sí ibi tó dà gẹ̀rẹ́ ju ibẹ̀ lọ. Àwọn kan á bínú sí mi. Mo fara mọ́ ọn.

Wọ́n á ní, "Ṣebí mo lè bẹ́ sílẹ̀." Ẹ lè bẹ́ sílẹ̀ bí eré pátákó kò bá ju eré tí ẹsẹ̀ yín lè sá lọ. Tó bá ti kọjá ìyẹn, ìṣubú ni ẹ lọ bá. Pátákó tí kò sì ní olówó lórí mọ́ kò mọ ọmọ tó ń kọjá lọ yàtọ̀ sí igi.

Nígbà tí pátákó bá ń gbọ̀n

Bí eré bá ń pọ̀ sí i, ẹ lè ṣàdédé rí i pé pátákó ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, lọ́tùn-ún lósì, kíákíá ju bí ẹ ṣe lè tún un ṣe lọ. Speed wobble ni orúkọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ẹ̀rù bá bà á níbẹ̀ máa ń nà ró, á sì fara sẹ́yìn, epo bẹntiróòlù ló bù síná yẹn. Truck méjì ló wà lábẹ́ pátákó, àwọn irin tó di táyà mú, méjèèjì ló sì ń yí. Bí ara bá wúwo lórí ti ẹ̀yìn, ẹ̀yìn ló máa fẹ́ darí iwájú, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fi jíà ẹ̀yìn sáré: yíyà kékeré kan á di ńlá kó tó ṣẹ́jú. Ẹ tẹ eékún sí i. Ẹ gbé ara lé ẹsẹ̀ iwájú, tó bí ìdá méje nínú mẹ́wàá. Ẹ dẹ ọrùn ẹsẹ̀, ẹ gbé ojú kúrò nílẹ̀, ẹ wo ọ̀nà tó jìn.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà máa ń gbà wọ́n ni pé kí wọ́n fi sípánà fún nọ́ọ̀tì àárín truck náà pinpin. Ìyẹn kì í wo àìsàn náà sàn. Ó kàn ń sún un síwájú sí ibi tí eré ti pọ̀ jù, nígbà tí pátákó kò ní lè yà fún yín mọ́. Ní ọdún 2017, ní Les Éboulements ní ìpínlẹ̀ Quebec, lórílẹ̀-èdè Kánádà, Peter Connolly gun pátákó lórí ìdúró dé eré kìlómítà 146.73 láàárín wákàtí kan. Ẹ wo ìdúró àwọn tó ń sá irú eré bẹ́ẹ̀: àyà wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan itan iwájú, ara wọn kò sí lẹ́yìn rárá.

Ọwọ́ tí wọ́n nà gbọn-in

Ọdún kejì mi ni mo ṣubú sẹ́yìn lórí eré tí kò ju ti ẹni tó ń rìn wàràwàrà lọ. Mo na ọwọ́ ọ̀tún gbọn-in kí n má baà fi ìdí lélẹ̀. Ọrùn ọwọ́ mi wú díẹ̀ ni, àwòrán X-ray àkọ́kọ́ kò sì fi nǹkan kan hàn, mo bá padà sílé. Ó pé ọjọ́ mẹ́wàá, ìrora kò lọ. Wọ́n tún yà á, wọ́n rí i pé egungun kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ àtàǹpàkò, tí àwọn dókítà ń pè ní scaphoid, ti sán. Egungun yìí kì í tètè jinná torí pé ẹ̀jẹ̀ kì í dé gbogbo ara rẹ̀ dáadáa, ó sì máa ń fara pa mọ́ fún X-ray ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni mo fi gbé POP kiri. Mi ò lè di okùn bàtà ara mi. Bí ẹ bá ṣubú sórí ọwọ́, tí kòtò tó wà nísàlẹ̀ àtàǹpàkò bá ń dùn yín nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ fún àyẹ̀wò kejì.

Kí ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣubú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ lọ sórí koríko, ẹ ká ara jọ, ẹ fi èjìká yí gbiiri. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ohun tí wọ́n ń dè mọ́ eékún, kí ẹ sì kọ́ láti fi eékún yọ̀ sílẹ̀ dípò ọwọ́. Ní ti hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ẹ wá àmì ààbò EN 1078 lára rẹ̀ bí ẹ bá wà ní Yúróòpù, tàbí CPSC ní Amẹ́ríkà. Èyí tó ní fóòmù funfun líle nínú, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n tuntun sínú páálí, ìgbá ńlá kan ṣoṣo ló wà fún. Bí orí yín bá ti fi í gbá ilẹ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀kan, ẹ ra òmíràn, kódà bí ojú rẹ̀ bá ṣì ń dán.

Ní ti ohun èlò

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ẹ má fi táyà síkéètì kékeré kọ́ longboard. Táyà ti síkéètì àrà máa ń tó mìlímítà 50 sí 54, ó sì le bí òkúta, nǹkan bíi 99A (A yìí ni ìwọ̀n líle táyà: bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń le tó). Ti longboard máa ń wà láàárín mìlímítà 65 sí 75, ó sì rọ̀, bíi 78A sí 86A. Àwọn tó ń fi pátákó gun ìgbì òkun ní California àti Hawaii tó bẹ̀rẹ̀ eré yìí fi táyà tí wọ́n ń pè ní alámọ̀ gùn ún ní àwọn ọdún 1960, òkúta wẹ́wẹ́ kan ti tó láti dá pátákó dúró gbọnrangandan kó sì ju èèyàn síwájú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni Frank Nasworthy mú táyà urethane dé, tó rọ̀, tó sì ń di ọ̀nà mú. Ẹni tó bá fi táyà líle kékeré gun ọ̀nà tó rí págunpàgun ti padà sí ayé alámọ̀ nìyẹn.

Iye ABEC tí wọ́n kọ sára béárìn, irin roboto tó ń jẹ́ kí táyà yí, kì í sọ bí ẹ ṣe máa yára tó. Bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n ṣe gẹ́lẹ́ tó ló ń sọ. Ẹ má fowó yín ṣòfò lórí ìyẹn. Rọ́bà bushing inú truck ló tọ́ sí owó: kí líle rẹ̀ bá ìwọ̀n ara yín mu. Èyí tó rọ̀ jù fún ẹni tó sanra á máa gbọ̀n, èyí tó le jù fún ẹni tó fúyẹ́ kò ní yà.

Yíyọ̀ lórí táyà

Cliff Coleman, ará Berkeley ní California, ni orúkọ rẹ̀ wà lára Coleman slide, ọ̀nà ìdúró tó bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970: èèyàn á lóṣòó, á fi ìbọ̀wọ́ tó ní ike lójú àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀, á sì yí pátákó kó dábùú ọ̀nà. Àwọn olùbẹ̀rẹ̀ máa ń gbé ara lé ọwọ́ náà. Ọwọ́ yẹn, ìtọ́kasí lásán ni. Ara ṣì wà lórí ẹsẹ̀ iwájú. Wọ́n sì máa ń fẹ́ fi agbára ẹsẹ̀ ti pátákó jáde, nígbà tó jẹ́ pé ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yà sí apá kejì, kí wọ́n wá fi orí, èjìká àti ìbàdí yí, tí ẹsẹ̀ á sì tẹ̀lé e. Ibi tí ojú bá wò ni ara ń lọ.

Èyí tó máa yà yín lẹ́nu ni pé eré tó kéré jù léwu níbí. Bí ẹ kò bá yára tó, táyà kò ní yọ̀, ńṣe ló máa di ọ̀dà mú lójijì, á sì ta yín nù. Ẹ̀rù ló ń mú kí wọ́n lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ wá ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́ tó kúrú, tó parí sí ibi títẹ́jú, tí mọ́tò kò ń gbà, kí ẹ jẹ́ kí pátákó yára díẹ̀ kí ẹ tó yí i.

Kí ẹ sì gbá ojú ọ̀nà. Níbí ewé tútù àti òjò ni ọ̀tá. Àbúrò mi sọ pé ní Abẹ́òkúta, iyanrìn tó bo etí ọ̀dà ni. Iyanrìn kò ní jẹ́ kí ẹ mọ ìgbà tí táyà máa yọ̀ àti ìgbà tó máa dúró. Omi sì máa ń jẹ́ kí béárìn dípẹtà.

Àrà

Rírìn lórí pátákó, tí wọ́n ń pè ní cross-step, ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀, lórí pátákó gígùn tó tó íǹṣì 46. Àṣìṣe ibẹ̀ ni wíwo ẹsẹ̀. Bí orí bá tẹ̀, èjìká á tẹ̀ lé e, pátákó á yà. Kí ẹsẹ̀ balẹ̀ sáàárín, kì í ṣe sí etí.

Shove-it, níbi tí pátákó ti ń yí ìlàjì lábẹ́ ẹsẹ̀, ló máa ń ṣe wọ́n bí àrà tí kò ní ṣeé ṣe láé. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbọ́n ìdí pátákó, wọ́n sì ń fara sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, pátákó á fò lọ síwájú, ìdí tiwọn á dé ilẹ̀. Ẹ fò sókè gan-an, kí èjìká méjèèjì wà lókè pátákó.

Àbúrò mi kò tíì mọ shove-it ṣe. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó kọjá, ó sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́ yẹn kan náà, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ ra ilẹ̀, ó sì dúró ní nǹkan bí ìka mẹ́ta sí ìlà ṣọ́ọ̀kì. Ó tún gun òkè padà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ló kù.