Àwọn àṣìṣe tó ń jẹ́ kí fáìlì olóró gba inú ímeèlì wọ iléeṣẹ́

Ó ń bí ni nínú bí iléeṣẹ́ ṣe ń ra àǹtífáírọ́ọ̀sì olówó gọbọi, tí wọ́n á wá fi ibi tí fáìlì olóró ń gbà wọlé sílẹ̀ gbayawu.

1. Wíwo àwòrán orí fáìlì dípò orúkọ rẹ̀. Windows kì í fi ìparí orúkọ fáìlì hàn àfi tí ẹ bá ní kó fi í hàn. Risiti.pdf.exe, tó jẹ́ ètò tó ń ṣiṣẹ́ tí ẹ bá ṣí i (.exe ló fi í hàn), á wá jókòó síbẹ̀ bíi risiti.pdf. Ẹ̀tàn àtijọ́ ni: ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000, nígbà tí fáírọ́ọ̀sì ILOVEYOU gba inú ímeèlì tàn káàkiri, LOVE-LETTER-FOR-YOU.TXT ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rí; .vbs tó wà níparí rẹ̀ ló ṣe wọ́n lọ́ṣẹ́. Ní Windows 11, ẹ ṣí File Explorer, ẹ tẹ View, ẹ tẹ Show, kí ẹ sì mú File name extensions.

2. Dídí .exe nìkan nínú ímeèlì. Ẹ dí .js, .vbs, .hta, .lnk, .scr, .iso àti .img pẹ̀lú, nítorí àwọn náà lè gbé ètò olóró wọlé. Kí ni akáúńtáǹtì fẹ́ fi .hta ṣe?

3. Jíjẹ́ kí zip (fáìlì tí wọ́n di àwọn fáìlì mìíràn sínú rẹ̀) tó ní páswọ́ọ̀dù kọjá. Èyí ló burú jù, òun náà ni wọn kì í fẹ́ gbọ́. Wọ́n gbà pé fáìlì tó bá ti ní páswọ́ọ̀dù ti láàbò. Ẹ tún ímeèlì náà kà: páswọ́ọ̀dù ọ̀hún wà nínú rẹ̀ kedere. Ta ni wọ́n wá fi í dí lójú? Ẹ̀rọ tó ń yẹ ímeèlì wò ni. Kò lè rí inú rẹ̀, bí ẹ kò bá sì ṣètò rẹ̀ dáadáa, ohun tí kò lè yẹ̀ wò, á jẹ́ kó kọjá ni.

Ẹ yí ètò yẹn padà: ohun tí kò bá ṣeé yẹ̀ wò, kó dá a dúró. Kí ẹni tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí pe olùránṣẹ́ lórí nọ́ńbà tó ti ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà nínú ímeèlì náà. Orúkọ àwọn fáìlì inú zip ṣì máa ń hàn bó tilẹ̀ ní páswọ́ọ̀dù, nítorí náà ẹ̀rọ lè rí .js níbẹ̀ kó dí i. Fáìlì 7z, irú fáìlì dídì mìíràn, lè fi orúkọ pàápàá pamọ́.

Ó tún kù. Windows máa ń fi àmì sára fáìlì tó bá ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá. Àmì yìí ni Office ń wò láti 2022 kó tó dí macro, ìyẹn ètò kékeré tó wà nínú ìwé Office. Tí 7-Zip, ètò tí wọ́n fi ń tú zip, bá tú fáìlì láìgbé àmì náà kọjá, Office á kà á sí fáìlì inú ilé. Nínú 7-Zip, ẹ lọ sí Tools, Options, kí ẹ fi Propagate Zone.Id stream sí Yes.

4. Fífi oníbàárà sára àwọn tí a kì í yẹ ímeèlì wọn wò. Àkáǹtì ímeèlì oníbàárà gan-an ni àwọn ọ̀daràn ń gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n á fèsì sí ọ̀rọ̀ tí ẹ ti jọ ń sọ bọ̀, SPF àti DKIM, àyẹ̀wò tó ń wò ó bóyá ibi tí ímeèlì ní òun ti wá ló ti wá lóòótọ́, á sì gbà pé òun ni.

DMARC, ètò tó ń sọ ohun tí kí wọ́n ṣe sí ímeèlì tó bá kùnà àyẹ̀wò wọ̀nyí, kì í dí nǹkan kan tó bá wà ní p=none; ìròyìn lásán ló ń mú wá.

5. Fífi fáìlì tó ń fu yín lára ránṣẹ́ sí ẹlẹgbẹ́ yín pé "bá mi wo èyí". Ẹ má dán an wò.

6. Pípa kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí fáìlì olóró ti ṣí. Ohun tó wà nínú RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà tó ń pa rẹ́ tí wọ́n bá pa á), tí àwọn òṣìṣẹ́ IT nílò láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, á pòórá. Ẹ yọ okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ pa Wi-Fi, ẹ fi fóònù pè wọ́n, kí ẹ sì yí páswọ́ọ̀dù yín padà lórí ẹ̀rọ mìíràn.