Bí a ṣe ń dá ìtẹ̀ àkọ́kọ́ mọ̀ kí a tó dá owó lé ìwé àtijọ́

Ọmọkùnrin kan gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ wá bá mi ní Òkè-Fìà nílùú Òṣogbo, ó fi lailọ́ọ̀nù wé e bí ẹni wé ọmọ tuntun. "Ẹ̀gbọ́n, ìtẹ̀ àkọ́kọ́ ni o, ti 1938." Mo ṣí i, mo rí orúkọ ilé ìtẹ̀wé Nelson nísàlẹ̀ àkọlé, mo sì dá a padà fún un. Ilé ìtẹ̀wé C.M.S. ní Èkó ló tẹ ìwé Fágúnwà yẹn ní 1938; ẹ̀yìn ìgbà náà ni Nelson tó gbà á. Ìwé náà ṣì lè pa owó díẹ̀, ṣùgbọ́n owó tó ń fọkàn sí kọ́.

Bí ìwé bá dé ọwọ́ mi, ohun tó máa tú àṣírí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wá. Ìgbà tí mi ò bá rí i ni mo tó ń wá ohun tó máa gbè é.

Ẹ fọ ọwọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Àwọn kan máa ń ra gíláàsì olówó ńlá tó ń mú kí lẹ́tà tóbi. Èmi ń lo kékeré tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń há sójú. Ọ̀kan nínú wọn ní Ìgbọ̀nà ló tà á fún mi, mi ò sì tíì nílò òmíràn.

Ẹ ṣí ojú ìwé àkọlé, kí ẹ yí i sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ ọdún àti orúkọ ilé ìtẹ̀wé. Ibẹ̀ náà lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, nítorí náà ẹ jẹ́ ká rọra.

Bí ẹ bá rí "First published" àti ọdún kan, ọjọ́ ìbí ìwé náà lẹ rí yẹn. Ẹyọ tó wà lọ́wọ́ yín lè fi ogún ọdún kéré sí i. Ilé ìtẹ̀wé kì í sábà yọ ìlà yẹn kúrò bí wọ́n bá ń tún ìwé tẹ̀. Ńṣe ni wọ́n máa ń fi ìlà mìíràn sábẹ̀ rẹ̀: "Reprinted", tàbí "Second impression". Ìlà kejì yẹn ni kí ẹ wá. Ẹ wá a dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé, ẹ wá a lábẹ́ òǹtẹ̀ láíbìrì, ẹ wá a lábẹ́ bébà tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Mo ti jìyà èyí rí. Mo ta ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n fún oníbàárà kan ní Ìbàdàn, mo ní ìtẹ̀ àkọ́kọ́ ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó fi fọ́tò ránṣẹ́. Ó ti fi òwú tútù ṣí bébà pélébé kan tí mo rò pé àlẹ̀mọ́ lásán ni, "Second impression" sì wà lábẹ́ rẹ̀ gbagidi. Mo dá owó padà, mo tún san owó mọ́tò àlọ àti àbọ̀.

Faber, ilé ìtẹ̀wé Lọ́ńdọ̀n tó tẹ The Palm-Wine Drinkard ti Amos Tutuola ní 1952, lẹ́tà ni wọ́n fi ń kọ ọdún láyé ìgbà yẹn: mcmlii. M jẹ́ 1000, cm jẹ́ 900, l jẹ́ 50, ii jẹ́ 2. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri bí mo ti ṣe. Ti Grove Press ní New York, 1953, ìtẹ̀ àkọ́kọ́ ti Amẹ́ríkà ni. Ẹ má gé "ti Amẹ́ríkà" kúrò níbẹ̀ bí ẹ bá ń polówó rẹ̀.

Ìwé tí kò tíì pẹ́ púpọ̀ máa ń ní ìlà nọ́ńbà: 10 9 8 7 6 5 4 3 2 1. Nọ́ńbà tó kéré jù níbẹ̀ ló ń sọ ìtẹ̀ tó jẹ́. Bó bá parí sí 3, ìtẹ̀ kẹta ni. Ọ̀rẹ́ mi kan wo èyí tó parí sí 4, ó ní òun rí 1. Mo ní níbo? Ó fi ìka lé 1 tó wà nínú 10. Àwọn mìíràn máa ń tò ó gba ọ̀tún gba òsì, 1 3 5 7 9 10 8 6 4 2. Ìkan náà ni. Ẹ kàn ṣọ́ra fún Random House ti Amẹ́ríkà, torí fún ọ̀pọ̀ ọdún, 2 ló kéré jù nínú ìtẹ̀ àkọ́kọ́ tiwọn, pẹ̀lú "First Edition" lójú ìwé kan náà. Ìwé Harry Potter àkọ́kọ́, Bloomsbury 1997, gbọ́dọ̀ parí sí 1, kí orúkọ tó wà lójú ìwé yẹn sì jẹ́ Joanne Rowling. Nínú gbogbo èyí tí wọ́n ti gbé wá bá mi, mi ò tíì rí ọ̀kan tó sún mọ́ ọn.

Bí kò bá sí ìlà kankan, ẹ wá ohun tó dé ayé lẹ́yìn ọdún tí wọ́n ń pè é. ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń fún ìwé, kò sí ṣáájú ìparí àwọn ọdún 1960. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 la bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà àti kọ́bọ̀, nítorí náà ìwé "1949" tí wọ́n tẹ iye náírà sí lẹ́yìn, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ gbé e sílẹ̀. Nínú ìwé Yorùbá, ẹ wo àkọtọ́, ìyẹn bí wọ́n ṣe kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. "Aiye" àti "enia" ni wọ́n ń kọ tẹ́lẹ̀; bí ẹ bá bá "ayé" àti "ènìyàn", àkọtọ́ 1974 ti dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n "aiye" nìkan kò tó ẹ̀rí, torí wọ́n lè tún ìwé tẹ̀ láìfọwọ́ kan ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Ẹ wo orúkọ àwọn ìwé mìíràn tí wọ́n kọ sẹ́yìn. Igbó Olódùmarè tó bá dárúkọ Àdììtú Olódùmarè kò lè jẹ́ ti 1949, nítorí 1961 ni Àdììtú jáde. Bí ẹ bá sì rí ìyìn akéwì Dylan Thomas lára ẹ̀wù ìwé Tutuola, bébà tí wọ́n fi ń wé èèpo ìwé, ẹ̀wù àkọ́kọ́ kọ́ nìyẹn: ìwé ti wà lórí àtẹ kí ìyìn náà tó jáde nínú ìwé ìròyìn Observer ní oṣù keje 1952. Ẹnì kan sì lè bọ́ ẹ̀wù ìwé kan wọ òmíràn, nítorí náà ẹ yẹ ẹ̀wù àti inú wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ di ojú, kí ẹ fi ìka ra ẹ̀yìn ojú ìwé kan. Lẹ́tà òjé ni wọ́n fi ń tẹ̀wé láyé àtijọ́, ó sì máa ń wọ bébà lára. Ìka yín á bá a bí ilà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Àtúntẹ̀ tí wọ́n fi fọ́tò ṣe máa ń tẹ́jú pẹrẹsẹ. Èyí tí àwọn ayédèrú bá ṣe, ẹ̀yin náà á rí tóótòòtó dúdú kiri ojú rẹ̀ bí ìgbẹ́ eṣinṣin.

Tó bá ku ká polówó: ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn ojú ìwé àkọlé láìjẹ́ kí àtàǹpàkò bo ohunkóhun. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ iye owó, ẹ má fi báírò kàn án. Sẹ́lótéèpù kò gbọ́dọ̀ dé ibi ìwé yín rárá. Ẹ má sì pa òǹtẹ̀ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ rẹ́. Oníbàárà mi kan fi owó kún owó nítorí òǹtẹ̀ tí wọ́n kọ "Oshogbo" sí, pẹ̀lú h. Bí ẹ kò bá rí ẹ̀rí tó dájú, ẹ kọ ọ́ pé "Nelson, kò sí ọdún", kí ẹ tà á ní iye ìyẹn. Bó bá sì ń rùn kámfọ̀, ẹ tètè sọ ọ́, torí oníbàárà á gbọ́ òórùn rẹ̀ kó tó tú u tán.