Ẹyin Ejò Kì Í Ṣe Ẹyin Adìyẹ: Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Kó Pa Nílé

Ẹ̀yin tí ẹ ti sin adìyẹ rí ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bá sọ̀rọ̀, torí ẹ̀yin lẹ lè tètè ba ẹyin ejò jẹ́. Inú oko adìyẹ bàbá mi ní Ìwó ni mo dàgbà sí. Mo mọ bí a ṣe ń yí ẹyin nínú ẹ̀rọ lójoojúmọ́, mo sì mọ̀ pé ooru ibẹ̀ kì í kúrò ní nǹkan bíi 37.5°C. Ẹ gbé ìmọ̀ yẹn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ooru yẹn á se ọmọ ejò mọ́nú ẹyin, yíyí yẹn náà sì lè pa á. Ejò tí mò ń sọ ni ball python, tí wọ́n ń pè ní royal python níbí ní Bìrìtéènì. Òun ni mò ń sìn, òun náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń sin irú mìíràn, kó lọ wádìí ooru tí tirẹ̀ fẹ́.

Ará ọ̀dọ̀ wa ni ejò yìí. Láti Gánà, Tógò àti Benin ni wọ́n ti ń kó o lọ tà lókè òkun, òun náà ló wà nílé òòṣà ejò ní ìlú Ouidah ní Benin, níbi tí àwọn àlejò ti máa ń gbé e kọ́rùn ya fọ́tò. Nínú igbó, ihò tí ẹranko mìíràn ti gbẹ́ sílẹ̀ ló sábà máa ń yé sí. Ihò náà móoru, ó ṣókùnkùn, ọ̀rinrin wà níbẹ̀, atẹ́gùn kò sì ráyè gbẹ ẹ́. Abo á ká ara rẹ̀ bo ẹyin, kò ní jẹun, kò sì ní yí ẹyin kankan. Ihò yẹn gan-an la fẹ́ fi kúlà àti ike ṣe.

Ẹ má dúró dìgbà tí ẹyin bá délẹ̀ kẹ́ ẹ tó máa wá nǹkan kiri. Abo tó lóyún máa ń bọ́ awọ kí ó tó yé, látìgbà tó bá sì ti bọ́ ọ, nǹkan bí oṣù kan ló kù. Àbẹ̀kẹ́, abo tèmi, tún máa ń sùn gbalaja, á yí ikùn sókè bí ẹni tó jẹ iyán yó. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ó ti kú. Tẹ́ ẹ bá ti rí awọ yẹn, ẹ gbé kúlà yín kalẹ̀, kẹ́ ẹ tan án lófìfo fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ lè rí i bóyá ooru rẹ̀ dúró sójú kan.

Ohun tẹ́ ẹ nílò ò pọ̀: kúlà onífóòmù tó nípọn, wáyà amúgbóná tí wọ́n ń tà fún ẹran afàyàfà, thermostat kan (ẹ̀rọ tó ń tan wáyà náà tó sì ń pa á kí ooru lè dúró sójú kan), àti tẹmómítà méjì. Ẹ lẹ wáyà náà mọ́ ara ògiri kúlà nínú, kó má fara kan ike ẹyin. Ẹ to ìgò omi sí gbogbo àyè tó bá ṣófo. Omi tó ti gbóná kì í tètè tutù. Kò sí ọ̀rọ̀ NEPA ní Birmingham lóòótọ́, ṣùgbọ́n fúùsì ń jó níbi gbogbo. Thermostat ni mi ò ní gbà kẹ́ ẹ ra gbàǹjo. Ibi tó fi ń mọ ooru, ẹgbẹ́ ike ẹyin ni kẹ́ ẹ fi sí, kó ga tó ibi tí ẹyin wà, kó má ṣe wà lábẹ́ ìdérí.

31.5°C ni mo máa ń gbé tèmi sí. Láàárín 31 sí 32 dára. Tó bá wálẹ̀ sí 30, yóò kàn pẹ́ díẹ̀ sí i ni. Ṣùgbọ́n tó bá kọjá 33 tó sì dúró síbẹ̀, ọmọ lè jáde pẹ̀lú ẹ̀yìn wíwọ́, tàbí kó kú sínú ẹyin. Nítorí náà, tí tẹmómítà méjèèjì bá ń bára wọn jiyàn, èyí tó ní ó gbóná jù ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́, títí ẹ ó fi mọ èyí tó ń purọ́.

Inú ike onídèérí ni ẹyin máa wà, lórí vermiculite (òkúta fúyẹ́ wẹ́wẹ́ tó ń mu omi dúró, táwọn ológbà máa ń lò) tẹ́ ẹ ti pò mọ́ omi. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n: bí vermiculite bá jẹ́ 300 gíráàmù, kí omi náà jẹ́ 300. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kẹ́ ẹ fún un. Ó gbọ́dọ̀ dì mọ́ra lọ́wọ́ yín. Bí omi bá kán láàárín ìka, ó ti pọ̀ jù, ẹ fi gbígbẹ kún un. (Ìyàwó mi ní n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan òṣùwọ̀n ilé ìdáná òun. Ó jàre: ẹran afàyàfà lè kó salmonella ranni, kí ohun èlò rẹ̀ dá wà, kẹ́ ẹ sì máa fọ ọwọ́.)

Òru ló sábà máa ń yé, mẹ́rin sí mẹ́jọ ló sì wọ́pọ̀. Ẹ jẹ́ kó parí. Lẹ́yìn náà, ẹ ju aṣọ ìnura bo orí rẹ̀, kẹ́ ẹ máa tú u díẹ̀díẹ̀ láti ìdí ìrù. Yóò fún mọ́ ẹyin náà gan-an, ó sì lè bù yín ṣán. Abiyamọ ni, ẹ má bínú sí i. Kẹ́ ẹ tó gbé ẹyin kankan, ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí òkè rẹ̀. Ibi tó kọjú sókè lọ́jọ́ yẹn, òkè náà ló gbọ́dọ̀ wà títí yóò fi pa, torí kì í pẹ́ tí ọmọ inú rẹ̀ fi máa ń lẹ̀ mọ́ ara èèpo. Àwọn tó bá ti lẹ̀ pọ̀, ẹ gbé wọn bẹ́ẹ̀ ní òṣùṣù. Ẹ má fipá yà wọ́n. Ìyá wọn ńkọ́? Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ pààrọ̀ gbogbo ohun tó ń sùn lé. Tí òórùn ẹyin bá ṣì wà níbẹ̀, ó lè má jẹun.

Lálẹ́, ẹ pa iná yàrá, kẹ́ ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì ti ara ẹyin. Èyí tó wà láàyè á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ ó sì rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó yà bí ẹ̀ka igi. Òbu máa ń kéré, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò sì ní iṣan kankan. Síbẹ̀, bí ẹ ò bá dá a lójú, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹyin tó bá bu kì í sábà ba ti ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́, àwọn kan sì máa ń bu díẹ̀ tí wọ́n á tún pa.

Nǹkan bí ọjọ́ 55 sí 60 ni ẹyin máa lò kó tó pa. Ẹ máa wo tẹmómítà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó láti ṣí ike kí atẹ́gùn tuntun wọlé. Tí omi bá ń ṣẹ́jọ sí ìdérí, ẹ nù ún kó má kán sórí ẹyin. Tí ẹyin bá ń tẹ̀ wọnú ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, ó gbẹ jù: ẹ rọra da omi tó móoru díẹ̀ sí vermiculite lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe sórí ẹyin. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn ló tẹ̀, ó ti ń múra àtijáde nìyẹn.

Ọmọ ejò máa ń fi eyín kékeré kan tó wà lẹ́nu rẹ̀ la èèpo bí ẹni fi abẹ là á, á yọ imú síta, á tún padà wọlé. Á wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ó ń fa ìyókù pupa ẹyin sínú. Àwọn kan máa ń fi sísọ́ọ̀sì là á fún un. Èmi kì í ṣe é, mi ò rí ìdí tí n ó fi máa yọjú sí ohun tó ń lọ dáadáa. Ẹ má fà á jáde.

Tó bá ti jáde fúnra rẹ̀, kí oníkálukú ní ike tirẹ̀, pẹ̀lú tísù tútù nílẹ̀ àti abọ́ omi kékeré. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, á bọ́ awọ àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ ó fún un lóúnjẹ, ọmọ eku kékeré kan péré. Èyí tó bá kọ̀ ọ́, ẹ gbé e kúrò níwájú rẹ̀, kẹ́ ẹ tún dán an wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.