Egbò àgbàlagbà tí ò fẹ́ jinná: ohun tẹ́ẹ máa ṣe kẹ́ẹ tó sanwó stem cell

Tí egbò bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́sẹ̀ màmá tàbí bàbá tí ò sì dín kù, ẹ yéé pààrọ̀ ìpara kiri, nǹkan kan wà tí ò jẹ́ kó jinná, òun lẹ máa kọ́kọ́ wá. Lóòótọ́ awọ àgbà ti fẹ́lẹ́, sẹ́ẹ̀lì tó ń hu awọ tuntun náà ti ń falẹ̀, àmọ́ ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ń sọ egbò di àdáàjinná o.

Ẹ lọ yẹ ṣúgà wò. Kẹ́ẹ tún ní kí wọ́n wọn BP ọrùn ẹsẹ̀ mọ́ ti apá, kí wọ́n mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé ẹsẹ̀ dáadáa. Èyí ṣe pàtàkì gan-an, torí egbò tó wà lókè kókósẹ̀ tí ẹsẹ̀ sì ń wú, bándéèjì tó fún ló sábà máa ń wò ó, àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni ò dé ibẹ̀, bándéèjì yẹn kan náà lè ba ẹsẹ̀ jẹ́ pátápátá, torí náà ẹ má dì í fúnra yín. Tó bá jẹ́ egbò ìdí ẹni tó ń dùbúlẹ̀, ẹ máa yí i padà ní bíi wákàtí méjì méjì.

Omi tẹ́ẹ sè tó ti tutù lẹ máa fi fọ egbò. Dettol, spirit, peroxide, ẹ gbé gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ẹran tuntun ni wọ́n ń jó. Kápúsù tẹ́ẹ ń tú dà sójú egbò ńkọ́? Ẹnu ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ má sì ṣí i sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ gbẹ, láti 1962 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ George Winter ti fi ara ẹlẹ́dẹ̀ hàn pé egbò tí wọ́n bò tí ò gbẹ máa ń tètè hu awọ ju èyí tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lọ.

Oúnjẹ ńkọ́, ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, èso. Mi ò mọ ẹni tó ní ẹ̀kọ nìkan ló yẹ aláìsàn.

Ó wá ku stem cell, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó lè di oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn nínú ara. Àwọn onímọ̀ ń dán an wò lóòótọ́, wọ́n ń mú sẹ́ẹ̀lì látinú mùdùnmúdùn eegun tàbí ọ̀rá, àmọ́ FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, ò tíì fọwọ́ sí èyíkéyìí fún egbò ẹsẹ̀. Èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1998, Apligraf, awọ tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ṣe ni, kì í ṣe stem cell. Pàùdà stem cell èso ápù tí wọ́n ń tà fún yín nínú sáṣẹ́ẹ̀tì, inú á dà á bó ṣe ń da ẹ̀bà ni, kò lè rìn dé ojú egbò kó lọ di awọ. Èyí tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ tún léwu jùyẹn lọ: ìròyìn obìnrin mẹ́ta jáde ní 2017, gbogbo wọn lé ní 70 ọdún, ilé ìwòsàn kan ní Florida gba $5,000 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n gún sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ikùn kálukú wọn sínú ẹyinjú ẹ̀ méjèèjì, ojú bá bàjẹ́.

Ẹni tó bá ní abẹ́rẹ́ kan náà ń wo egbò, kíndìnrín àti rọpárọsẹ̀, ẹ dìde níbẹ̀.

Tí ẹsẹ̀ bá ń dúdú, tó ń rùn, tàbí ibà dé, họsibítù lọ́jọ́ náà. Èyí tó ti pé ọdún tí etí ẹ̀ ń ga sókè, ẹ ní kí wọ́n gé díẹ̀ nínú ẹ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún jẹjẹrẹ, kẹ́nikẹ́ni tó fi sẹ́ẹ̀lì kankan sí i.